Agolo Orúkọ

Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kì í mọ ẹni tó ń wọlé. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ má bá mi jiyàn. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mọ òórùn ìyá rẹ̀, ó mọ ebi, ó mọ ìmọ́lẹ̀, ó tán. Ṣùgbọ́n ọmọ tí Kékeré bí mọ̀ mí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo ṣí ilẹ̀kùn yàrá kẹta, mo gbé omi gbígbóná wọlé, ọmọ náà sì tu ọyàn ìyá rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó yí orí, ó wò mí láti òkè délẹ̀. Omi ọyàn ń kán ní igun ẹnu rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì sunkún. Ó wò mí bí ìgbà tí ènìyàn bá ń wo ẹni tó pẹ́ dé.

Kékeré sọ nǹkan kan ní èdè wọn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ògbufọ̀ tó dúró lẹ́yìn mi túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

"Ó ní ọmọ òun fẹ́ràn yín ju òun lọ."

"Sọ fún un pé omi gbígbóná ló rí, kì í ṣe èmi," ni mo wí.

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi ti dà sí mi lẹ́sẹ̀.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe dé ibẹ̀. Ìjọ wa ló rán mi lọ sí orílẹ̀-èdè olókè kan tó jìnnà sí tiwa, níbi tí ilé kan ti ń wo òrùlé ilé kejì, tó jẹ́ pé bí ọsàn bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ, kí o yáa dágbére fún un. Míṣọ́n ní ilé kan níbẹ̀: yàrá mẹ́fà, ilé ìdáná, àti gbọ̀ngán kan tí à ń lò fún àdúrà, fún oúnjẹ, àti fún sísá ìlédìí nígbà òjò. Àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tó bímọ láìní ọkọ, tí òbí wọn ti lé jáde, là ń gbà síbẹ̀. Kékeré ló kéré jù nínú wọn, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, a sì ń pè é bẹ́ẹ̀ títí orúkọ rẹ̀ gan-an fi sọnù. Pásítọ̀ tó ń ṣàkóso ilé náà jẹ́ ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí ikọ́ kì í fi sílẹ̀. Obìnrin ìlú yẹn ni Ògbufọ̀ wa. Ó ti bá ọkọ rẹ̀ gbé nílẹ̀ Yorùbá fún ọdún mọ́kànlá, ó sì gbọ́ Yorùbá débi pé òun ló ń fi bá mi wí tí mo bá fi omi ṣòfò.

Ọ̀rọ̀ agolo náà, èmi ni mo dá a sílẹ̀, kò sí ẹlòmíì tí mo lè dì í rù. Kí n tó kúrò nílé, mo dìde níwájú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ìjọ wa, mo ní àwọn ọmọbìnrin tó wà lórí òkè yẹn kò ní ìyá tó máa bá wọn sọ ọmọ lórúkọ. Mo ní kí oníkálùkù kọ orúkọ ọmọ kan tó sún mọ́ ọkàn rẹ̀ sórí bébà pélébé. Ọmọ tí a bá bí lọ́hùn-ún, kí ìyá rẹ̀ ki ọwọ́ sínú agolo, kí ó mú orúkọ kan, kí obìnrin tó kọ ọ́ sì máa gbàdúrà fún ọmọ náà láràárọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọgbọ̀n obìnrin ló kọ orúkọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mo rí i pé púpọ̀ nínú wọn ń nu ojú bí wọ́n ṣe ń ká bébà, mo sì rò pé Ẹ̀mí Mímọ́ ló fọwọ́ tọ́ wọn. A kó gbogbo rẹ̀ sínú agolo bisikíìtì kan tí ó ti ṣófo.

Nígbà tí mo dé pápákọ̀ òfurufú, mo jókòó, mo ya etí ìwé kan, mo kọ ti ẹni kọkànlélọ́gbọ̀n.

Mo bímọ kan rí. Ọkùnrin ni. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí ibà mú un lójijì láago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹsàn-án, gìrì sì gbé e lọ́sàn-án. Mi ò sí nílé. Ibi iṣẹ́ ni mo wà, mò ń gún ọmọ ọlọ́mọ lábẹ́rẹ́. Ìyá ọkọ mi ló wà tì í, òun ló sì sọ fún mi pé ó pè mí títí. Kí n tó dé, wọ́n ti gbé e lọ. Ẹ kúkú mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀ ọmọ: wọn kì í jẹ́ kí òbí mọ ibojì, wọ́n á kó aṣọ, wọ́n á kó bàtà, ẹnikẹ́ni kò sì ní dárúkọ náà mọ́. Ọdún méjìlá ni ẹnu kankan kò fi pè é létí mi. Mo fẹ́ kí ẹnì kan tún máa jẹ́ ẹ, ìyẹn ni gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tí mo mọ̀ pé mò ń dá.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí Kékeré ki ọwọ́ bọ inú agolo, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo dá etí ìwé tí mo ya mọ̀ kí Pásítọ̀ tó tú u. Ó kà á sókè, ìjọ ní àmín. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, nítorí mi ò rò pé irọ́ tún lè ṣe mí láǹfààní: inú mi dùn. Inú mi dùn débi pé mo jáde lọ sí ẹ̀yìn ilé, mo pe orúkọ náà fún àwọn òkè, mo sì sunkún àsunrẹ́rìn-ín.

Látìgbà náà ni ọmọ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ mí.

Mo ń bá ara mi sọ̀rọ̀ pé ojú lásán ni. Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan wà ní yàrá kejì tí à ń pè ní Onírun. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kì í fẹ́ omi. Ọmọ wo ló fẹ́ omi, ẹ ó wí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tí omi bá ti kan àyà rẹ̀, kò ní sunkún, ńṣe ló máa gbé èémí dúró, tí á na ọwọ́ méjèèjì sókè, tí á máa há ìka mọ́ afẹ́fẹ́. Onírun kò fi omi kún abọ́ mọ́, aṣọ tútù ló fi ń nù ún.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, oòrùn wọ inú yàrá kejì, Onírun ń ká ìlédìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ọmọ náà ń sùn. A kò tíì wẹ̀ fún un lọ́jọ́ náà. Mo kọjá, mo rí i pé ètè rẹ̀ ti dúdú. Mo gbé e sókè, mo dojú rẹ̀ délẹ̀, omi sì tú jáde lẹ́nu àti nímú rẹ̀. Kì í ṣe itọ́, kì í ṣe wàrà. Omi tútù tó mọ́ gaara ni, ó pọ̀ tó ife kan, ó ń rùn bí omi kànga tí wọn ò ṣí fún ìgbà pípẹ́. Ó ti kú. Ibùsùn rẹ̀ gbẹ táútáú.

Dókítà gòkè wá láti ìlú ìsàlẹ̀. Ó bi wá bóyá a wẹ̀ fún un. A ní rárá. Ó tún bi wá. Lẹ́yìn náà ó kọ ọ́ sínú ìwé pé òtútù àyà ni, ó sì yára lọ.

Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Ní ọjọ́ kejì, mo gun ẹ̀yìn ilé lọ síbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti ń wọlé, mo pe Ìyá Ẹgbẹ́, obìnrin tó jẹ́ olórí àwọn ìyá ní ìjọ wa. Mo dárúkọ tí ọmọ Onírun ń jẹ́. Mo bi í léèrè ẹni tó kọ ọ́.

"Kí ló dé tí o fi ń bèèrè, ọmọ mi?"

"Ọmọ tó ń jẹ́ ẹ ti kú, mà."



"Ìyá Aránṣọ ló kọ ọ́," ló wí. "Orúkọ ọmọ rẹ̀ ni. Èyí tó jìn sí kànga."

"Ẹ̀yin mà. Orúkọ ọmọ tó ti kú?"

"Ìwọ lo ní ká kọ orúkọ ọmọ tó sún mọ́ ọkàn wa. Èwo ló sún mọ́ ọkàn ìyá ju èyí tí kò sí mọ́?"

"Ẹni mélòó ló kọ bẹ́ẹ̀?"

"Mi ò lè sọ. Ẹnì kan kò sọ fún ẹnì kejì." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Èmi náà fi tèmi sí i. Mo rò pé èmi nìkan ni."

Ó gba ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó tọ àwọn obìnrin náà lọ nílé nílé. Lẹ́yìn náà ó ka gbogbo rẹ̀ fún mi, èmi sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ lórí orúnkún mi. Ọgbọ̀n orúkọ. Mọ́kàndínlógún nínú wọn jẹ́ ti òkú ọmọ, pẹ̀lú ohun tó pa á àti ọjọ́ tó kú. Ọjọ́ àti oṣù tí ọmọ Onírun kú gan-an ni ọmọ Ìyá Aránṣọ jìn sí kànga, ní ọdún mìíràn. Ní tòótọ́, àwọn àgbà ti sọ ọ́: ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé onílé ni àwa lọ wò.

Mo mú ìwé náà lọ bá Pásítọ̀, Ògbufọ̀ sì bá mi lọ. Pásítọ̀ ní ìgbàgbọ́ asán ni, pé Ọlọ́run kì í ṣe ẹni tó ń ka bébà. Mo fi ìlà kejìlá hàn án: ọmọbìnrin kan tí iná jó lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Orúkọ yẹn ni ọmọ yàrá karùn-ún ń jẹ́. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìléròrò ti yọ sí i lẹ́sẹ̀, láti kókósẹ̀ dé orúnkún, a kò sì rí iná kankan tó sún mọ́ ọn. Pásítọ̀ wúkọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní kí a pe gbogbo ìyá wá sí gbọ̀ngán.

Ọmọ márùn-ún ló ń jẹ́ orúkọ tó wà nínú ìwé yẹn. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ìyá kọ̀ọ̀kan fi ẹnu ara rẹ̀ yan orúkọ mìíràn ní èdè wọn. Ní ọjọ́ kẹta, ìléròrò ọmọ yàrá karùn-ún gbẹ. Mo ṣàkíyèsí nǹkan mìíràn. Tẹ́lẹ̀, ọmọ náà máa ń wo nǹkan fínnífínní bí àgbà. Lẹ́yìn tí a yí orúkọ rẹ̀ padà, ojú rẹ̀ di ojú ọmọ jòjòló lásán, ó ń yí káàkiri, kò mọ ohun tó ń wò. Ẹni tó wà níbẹ̀ ti lọ.

Ṣáájú ọjọ́ Ìsinmi yẹn, nígbà tí à ń wá orúkọ àwọn ọmọ náà, Ògbufọ̀ ń fi ìka tọ ìlà ìwé náà.

"Orúkọ ọmọ Kékeré kò sí níbí. Ta ló kọ tiẹ̀?"

Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti yà sí méjì. Mo lè sọ ọ́ nígbà náà, gbólóhùn kan péré.

"Obìnrin kan tí kò sí nínú ẹgbẹ́ ni," ni mo wí. "Ọmọ rẹ̀ wà láàyè. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ."

"Ọlọ́run ṣeun," Ògbufọ̀ wí, ó sì ká ìwé náà.

Bí mo ṣe ń pa irọ́ yẹn, mo rí i lójú mi, ọmọkùnrin gíga kan tó ń tẹrí ba kí ó tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Irọ́ náà dùn mọ́ mi lẹ́nu. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àbí? Èmi wà lọ́jà. Orí ọmọ tuntun wọ́ níṣojú mi.

Ọmọ Kékeré pé oṣù mẹ́rin, ó sì pe orúkọ mi. Ọmọ tèmi, nígbà ayé rẹ̀, kì í pè mí ní Mọ́mì. Oríkì mi tí ìyá mi ń pè ló gbọ́, òun náà ló sì ń pè. Mo ń yí ìlédìí padà fún ọmọ Kékeré lọ́sàn-án kan, ó gbé ojú sókè, ó pe oríkì mi ní pípé, kò ṣi ohùn rẹ̀ pè. Kò sí ẹni tó mọ oríkì mi ní gbogbo orílẹ̀-èdè yẹn. Kékeré béèrè ohun tó ń sọ. Mo ní ètè rẹ̀ ló ń fi ṣeré. Inú Kékeré dùn, ó pa á mọ́ra, ó ń bẹ̀ ẹ́ kí ó tún un sọ. Mo rí ẹnu ọmọbìnrin yẹn tó ń gbìyànjú àtikọ́ ohùn náà, ó sì dùn mí, ẹ gbà mí gbọ́, ó dùn mí. Ṣùgbọ́n kò dùn mí tó.

Mo mọ ọjọ́ tó ń bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹsàn-án. Mo dé ẹnu ọ̀nà Pásítọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta nínú oṣù kẹjọ, mo gbọ́ ikọ́ rẹ̀ nínú ilé, mo padà. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ kú. Ohun tí mo ń sọ fún ara mi ni pé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mi ò sí nílé, lọ́tẹ̀ yìí màá wà níbẹ̀. Mo to oògùn ibà sílẹ̀. Mo to abẹ́rẹ́, mo to dírípù, mo fi omi tútù sínú kòkò. Mo bẹ dókítà kí ó gòkè wá lọ́jọ́ kẹrìnlá, mo fi àyẹ̀wò àwọn ọmọ bojú. Mo gbà pé màá gba ọmọ mi lọ́wọ́ ikú, màá sì jẹ́ kí Kékeré ní tirẹ̀. Bí orí ṣe máa ń dàrú nìyẹn, tó sì máa ń dà bí ọgbọ́n.

Láago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ara rẹ̀ gbóná. Mo ti jókòó tì í láti ìdájí. Mo fún un lóògùn, mo gún un lábẹ́rẹ́, mo fi aṣọ tútù nu ara rẹ̀ láìsinmi. Oògùn wọlé bí ẹni pé inú àpáta ni mo ń dà á sí. Dókítà pè pé òkúta ti dí ọ̀nà ní ìsàlẹ̀, pé wọ́n ń ṣí i. Kékeré kúnlẹ̀ ní apá kejì ibùsùn, ó di ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ mú, ó ń bá a sọ̀rọ̀ ní èdè wọn, jẹ́jẹ́. Ọmọ náà kò yíjú sí i.

Nígbà tó di ọ̀sán, gìrì dé. Nígbà tí ó fi í sílẹ̀ díẹ̀, ọmọ náà la ojú, ó pe oríkì mi.

Mo ní, "Mo wà níbí. Ọmọ mi, mo wà níbí."

Ó tún pè mí. Mo gbé ojú mi sún mọ́ tirẹ̀ débi pé èémí gbígbóná rẹ̀ ń fẹ́ sí mi lójú. Kò rí mi. Ilẹ̀kùn ló ń wò. Ó ń pè mí, ó ń wo ilẹ̀kùn, ó ń dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ́tí sí ẹsẹ̀ lójúde, á tún pè. Mo gbé e sí àyà mi, ó yọ orí lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká mi kí ó lè rí ilẹ̀kùn. Mo dá a lóhùn títí ohùn mi fi há. Ìgbà náà ló yé mi. Ikú kan náà ni, bó ṣe rí lọ́jọ́ yẹn lọ́hùn-ún, àìsí mi nílé sì wà lára rẹ̀. Ó pè mí títí, bí ìyá ọkọ mi ṣe wí, èmi kò sì dé.

Ó dákẹ́ láago mẹ́ta. Kékeré, tó bí i, tó fún un lọ́yàn, tí gbogbo ilé rẹ̀ kọ̀ nítorí rẹ̀, kò rí kí ọmọ náà wo òun lẹ́ẹ̀kan kó tó lọ. Ìyá ẹlòmíì ni ọmọ rẹ̀ fi gbogbo èémí ìkẹyìn rẹ̀ wá. Èmi ni mo gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀, òun kò sì mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìsìnkú, mò ń fọ ìgò ọmọ ní ilé ìdáná nígbà tí Kékeré wọlé, òun àti Ògbufọ̀. Ó ti rù. Ó mú ọwọ́ mi tó kún fún ọṣẹ, ó fi sí iwájú orí rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, Ògbufọ̀ ń túmọ̀ rẹ̀, omi ń bọ́ lójú òun náà.

"Ó ní ẹ ṣeun. Ó ní ẹ̀yin nìkan lẹ jókòó ti àwọn láti àárọ̀ dé ìgbà tó parí. Ó ní ìyá òun gan-an kò lè ṣe bẹ́ẹ̀."

Kékeré ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ.

"Ó ní kò wu òun kí orúkọ náà parẹ́. Ó ní tí Ọlọ́run bá tún fún òun lọ́mọkùnrin, orúkọ yẹn náà lòun máa sọ ọ́. Ó ń bi yín bóyá ó dáa bẹ́ẹ̀."

Mo la ẹnu láti sọ pé rárá. Omi ń kán lọ́wọ́ mi sílẹ̀. Àwọn méjèèjì dúró, wọ́n ń wo ẹnu mi.

"Sọ fún un," ni mo wí, "pé orúkọ tó dára ni."